Oṣù márùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n gé awọ ikùn mi: ṣé kí n padà sọ́wọ́ dókítà kan náà?

Ìyá_Ọmọ_Mẹ́ta

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí láìdá sí i. Lónìí, èmi ni mo ń wá ẹni tó ti rí irú rẹ̀ rí.

Ọmọ mẹ́ta ni mo bí, abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí méjì nínú wọn. Lẹ́yìn àbíkẹ́yìn, awọ ikùn mi sọ̀ kalẹ̀, kò sì sí eré ìdárayá tí mo ṣe tó gbé e sókè. Ọdún mẹ́rin ni mo fi tọ́jú owó. Oṣù márùn-ún rèé tí mo ṣe tummy tuck, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń gé awọ ikùn tó sọ̀, wọ́n sì fa ọ̀rá ẹ̀gbẹ́ mi méjèèjì lọ́jọ́ kan náà.

Ohun tí mo ń wò lára mi nísinsìnyí rèé. Ìdodo mi ti yà sọ́wọ́ òsì, kò sí láàárín mọ́. Níbi tí ojú abẹ parí sí ní ìbàdí ọ̀tún, awọ ṣù jọ síbẹ̀, ó yọ ṣóńṣó, a sì máa hàn lára aṣọ. Ẹ̀gbẹ́ òsì tẹ́jú, ti ọ̀tún wú. Àpá ọ̀hún pọ́n, ó le bí okùn, ó ń yún mi lóru débi pé èékánná mi á ti wà níbẹ̀ kí ojú mi tó là. Láti abẹ́ ìdodo lọ sísàlẹ̀, ẹ fọwọ́ kàn mí, n kò ní mọ̀.

Mo padà lọ bá dókítà. Kò lò tó ìṣẹ́jú márùn-ún lórí ọ̀rọ̀ mi. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé òun á tún un ṣe lóṣù tó ń bọ̀ láìgba owó iṣẹ́, owó yàrá àti ti abẹ́rẹ́ oorun nìkan ni n ó san. Ọkọ mi ní kí n gbà, kí ọ̀rọ̀ náà tán. Àbúrò mi obìnrin fárí gá, ó ní ẹni tó bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀kíní ni mo tún fẹ́ gbé ara fún.

Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti fi aṣọ bo dígí yàrá mi. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n ṣe?

Àjíkẹ́_M

Ẹ pẹ̀lẹ́, àǹtí mi. Ẹ má gbà.

Imú ni mo ṣe ní tèmi. Oṣù kẹrin ni mo padà sọ́wọ́ ẹni kan náà pé orí imú mi ṣì tóbi, ó sì tún un là. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé wíwú orí imú lè tó ọdún kan gbáko kó tó lọ tán. Orí wíwú ni wọ́n ti ń gé. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ fi máa rọlẹ̀, imú ti kéré jù, ihò kan sì ti fún pọ̀. Títí di òní, bí mo bá dùbúlẹ̀, ihò kan ṣoṣo ni mo fi ń mí. Ẹ sá fún dókítà yẹn.

Nọ́ọ̀sì_Tíátà

Ẹ kú ìfaradà, ìyá wa. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní yàrá iṣẹ́ abẹ. N kò lè rí yín láti ibi tí mo wà, torí náà ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi dípò ẹni tó máa fọwọ́ kàn yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ya ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí ìtọ́jú wọn kò pa pọ̀.

Ara tó kú lábẹ́ ìdodo: nígbà tí wọ́n bá ká awọ ikùn sókè, àwọn iṣan ìmọ̀lára tín-ín-rín máa ń já. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń hù padà, ó lè tó ọdún kan tàbí kó jù bẹ́ẹ̀, ibòmíràn kì í sì í padà tán. Ẹ má gbé ìgò omi gbígbóná lé ibẹ̀ o. Mo ti rí ẹni tó bó lára láìmọ̀.

Àpá pípọ́n àti yíyún: oṣù márùn-ún ṣì kéré. Oṣù 12 sí 18 ni àpá máa ń lò kó tó rọ̀, kó tó yí àwọ̀ padà.

Ti ìdodo àti awọ tó ṣù ní ìbàdí, n kò ní tàn yín, àsìkò nìkan kì í sábà tún wọn ṣe. Wọn kì í gé ìdodo sọnù nínú iṣẹ́ abẹ yìí. Orí gbòǹgbò rẹ̀ ni wọ́n ń fi í sílẹ̀ sí, wọ́n á fa awọ bò ó, wọ́n á wá lu ihò tuntun tó máa gbà yọ. Bí ihò bá yẹ̀, tàbí tí wọ́n fa awọ ẹ̀gbẹ́ kan ju èkejì lọ, ohun tí ẹ ń rí yẹn ló máa ń dà. Èyí tó ṣù ní ìbàdí kì í ṣe iṣẹ́ ńlá. Tó bá tó àkókò, abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ojú ibẹ̀ nìkan mọ ìrora ti tó, kò dìgbà tí wọ́n bá kùn yín lóorun. Nítorí náà ẹ bi dókítà yín pé kí ni owó abẹ́rẹ́ oorun tó dárúkọ yẹn wà fún.

Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún tó wú ló ń kọ mí lóminú. Ẹ dùbúlẹ̀, ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ kan tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ fi ìka ọwọ́ kejì ta á láti òdìkejì. Bó bá mì lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ yín, omi ló gbára jọ lábẹ́ awọ. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí à ń dúró wò. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń fà á. Bó bá pẹ́ jù níbẹ̀, ara á hun àpò yí i ká, fífà nìkan kò ní tó mọ́, àfi kí wọ́n là á kí wọ́n yọ àpò náà.

Ojú_Ọ̀sán

Àjíkẹ́, mo bá yín kẹ́dùn, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ "ẹ sá fún un" yẹn. Oṣù kẹrin ló ba ti yín jẹ́, kì í ṣe pé ẹni kan náà ló ṣe é.

Ikùn bíi ti ìyá wa ni tèmi, ẹni tó ṣe é lákọ̀ọ́kọ́ náà ló tún un ṣe, ó sì dára. Òun ló mọ ibi tó rán, òun ló mọ iye awọ tó gé. Ẹlòmíràn á kọ́kọ́ máa táràrà ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bó ṣe ṣe é. Ó mú mi dúró síwájú dígí, ó fi bírò fàlà sára mi, ó fi téèpù wọ̀n láti ìdodo dé ìbàdí méjèèjì, ó sì fi hàn mí pé ẹ̀gbẹ́ kan fi sẹ̀ǹtímítà méjì gùn ju èkejì lọ. Ó ní: "Ọwọ́ mi ló ṣe é, mo gbà. Ṣùgbọ́n n kò ní fi abẹ kàn án kó tó pé ọdún kan." Oṣù kẹtàlá la wọlé.

Ìṣẹ́jú márùn-ún àti "oṣù tó ń bọ̀" ni kò dára nínú ọ̀rọ̀ ìyá wa. Ẹni tí kò wọ̀n yín, báwo ló ṣe mọ ohun tó fẹ́ tún ṣe?

Ìtànná

Ẹ̀yin ará, ṣé ẹ kò gbọ́ "ó pọ́n, ó le, ó ń yún" ni? Kélóìdì nìyẹn! Mo ní in láti èjìká dé àyà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gé tèmi, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló padà wá, tó sì tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyá wa, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ kàn yín mọ́ láyé yín.

Nọ́ọ̀sì_Tíátà

Ìtànná, ohun tójú yín rí kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tọ́ ọ sọ́nà díẹ̀, kí ìyá wa má bàa fòyà ju bó ṣe yẹ lọ. Oríṣi àpá méjì ló ń ru. Ọ̀kan á ru, á pọ́n, á yún, ṣùgbọ́n kì í kọjá ojú ìlà tí abẹ gbà, ó sì lè rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Kélóìdì ní tirẹ̀ a máa ràn jáde sórí awọ tí abẹ kò dé, kì í sì í fúnra rẹ̀ lọ. Òótọ́ ni ẹ sọ pé bí wọ́n bá gé kélóìdì láìfi ìtọ́jú mìíràn tì í, ó sábà máa ń padà.

Ìyá wa, ṣé àpá yín ti kọjá ojú ìlà? Àpá abẹ ìbímọ yín ńkọ́, kí wọ́n tó gé e kúrò pẹ̀lú awọ, báwo ló ṣe jinná? Etí tí wọ́n lu fún yín ńkọ́?

Ìtànná

Mo gbà, n kò tíì rí i lójú. Ṣùgbọ́n tèmi náà wà lójú ìlà fún oṣù mẹ́fà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Nítorí náà ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì máa ya fọ́tò rẹ̀ lóṣooṣù, ojú kan náà, iná kan náà.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ níkẹyìn ni abẹ́rẹ́ triamcinolone, oògùn tó ń mú kí àpá rọlẹ̀, tí wọ́n ń gún sínú àpá gan-an, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà síra wọn, pẹ̀lú pẹlẹbẹ sílíkónì tí mo ń lẹ̀ mọ́ ọn fún wákàtí 12 ó kéré tán lójúmọ́. Abẹ́rẹ́ yẹn ń dunni wọnú eegun, ó sì lè sọ awọ ibẹ̀ di funfun tàbí kó jìn. Ẹ bi wọ́n léèrè kí wọ́n tó gún un.

Ìyá_Ọmọ_Mẹ́ta

Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín. Àpá abẹ ìbímọ mi jinná pẹlẹbẹ, etí mi náà kò ṣe nǹkan kan. Àpá yìí kò tíì kọjá ojú ìlà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi rúlà wò ó ni.

Ṣùgbọ́n mo ṣe ohun tí Nọ́ọ̀sì ní kí n ṣe. Mo dùbúlẹ̀, mo ta á. Ó mì. Mo pe ọkọ mi kó wá ta á, ó rí i pẹ̀lú ojú rẹ̀ bí ó ṣe lọ láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ èyí.

Àrẹ̀mú_K

Ìyá wa, ẹ má mikàn. Ọkùnrin ni mí, ọmú tó yọ láyà mi ni wọ́n fa ọ̀rá rẹ̀. Omi tèmi náà pọ̀. Mo bẹ ẹnì kan tó ń fọwọ́ ra ni lára, ó tẹ̀ ẹ́ gidi fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo sì wọ aṣọ fífún tí wọ́n fún mi lé méjì lórí ara wọn. Ó lọ. Ẹ fún un pinpin ni, ara á fa omi náà mu.

Ọwọ́_Ìwòsàn

Àrẹ̀mú, inú mi dùn pé tiyín lọ, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ìyá wa kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n fọwọ́ tọ́jú ara lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ìfọwọ́rá tó ń lé wíwú lọ kì í le rárá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹni ń fọwọ́ pa ọmọ tuntun lára. Ẹni tó bá ń tẹ̀ yín mọ́lẹ̀ títí ẹ fi ń ké, ó ń dá ọgbẹ́ mìíràn sílẹ̀ lábẹ́ awọ ni. Àpò omi tó ti pé oṣù márùn-ún, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Aṣọ fífún náà ní ìwọ̀n. Awọ tí wọ́n ká sókè tí wọ́n rán mọ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ kò pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀, pàápàá lágbègbè ìdodo àti àárín ojú abẹ. Bí ẹ bá fún un jù, awọ lè kú. Ìka méjì gbọ́dọ̀ lè wọ abẹ́ aṣọ náà.

Ẹ̀bùn_Òwúrọ̀

Kí ẹ tó pinnu ọwọ́ ẹni tí ẹ máa lọ, ẹ gba fáìlì yín. Gbogbo rẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ kọ déètì sí i, ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan. Ohun tí ẹ ń wá gan-an ni ìwé tí oníṣẹ́ abẹ kọ lọ́jọ́ iṣẹ́ náà: ohun tó ṣe, iye ọ̀rá tó fà, ibi tó rán, bóyá ó fi ọ̀pá tó ń fa omi jáde síbẹ̀, àti ọjọ́ tí wọ́n yọ ọ́. Ẹ gba fọ́tò tí wọ́n yà kí wọ́n tó ṣe é náà. Láìsí fọ́tò yẹn, wọ́n lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni ìdodo yín ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Mo ń sọ èyí torí ọmú ni mo fi sílíkónì sí. Ní 2010, nígbà tí wọ́n dá ọmú sílíkónì ilé iṣẹ́ PIP ti ilẹ̀ Faransé dúró, tó hàn pé sílíkónì tí kì í ṣe ti ìṣègùn ni wọ́n ń rọ sínú rẹ̀, ẹ̀rù bà mí gidigidi. Ilé ìwòsàn tó ṣe tèmi ti kógbá sílé, n kò sì ní ìwé kankan lọ́wọ́. Àfi ìgbà tí wọ́n là mí láti yọ ọ́ ni mo tó mọ̀ pé ti ilé iṣẹ́ mìíràn ni. Ọdún méjì ni mo fi sùn pẹ̀lú ọwọ́ láyà.

Ohun kejì: ẹ lọ wo orúkọ dókítà yín lọ́dọ̀ àjọ tó ń forúkọ àwọn dókítà sílẹ̀. Dókítà ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ló kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ abẹ àtúnṣe ara títí tí wọ́n fi gbà á lọ́nà òfin. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ síwájú orúkọ náà.

Ọ̀nà_Jíjìn

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tí wọ́n bá fa omi yẹn, ẹ ní kí wọ́n gbé díẹ̀ lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Ti ẹ̀gbọ́n mi, oṣù méjì lẹ́yìn tí wọ́n fa ọ̀rá rẹ̀ ni eéwo kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í yọ níbi tí ọ̀pá gbà wọlé. Oògùn apakòkòrò mẹ́ta ló lò, kò gbọ́. Kòkòrò kan tó bá ti ikọ́ àwúbì (TB) tan ló wọlé, Mycobacterium abscessus lorúkọ rẹ̀. Inú omi àti ohun èlò tí wọn kò sè dáadáa ló máa ń wà. Àyẹ̀wò ojoojúmọ́ kì í sábà rí i, àfi kí dókítà kọ ọ́ pé irú rẹ̀ gan-an ni kí wọ́n wá. Oṣù mẹ́fà ni ẹ̀gbọ́n mi fi lo oògùn.

Ibà, awọ tó gbóná, tó pọ́n, omi tó ń rùn, bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn, ẹ má dúró dọ̀la.

Nọ́ọ̀sì_Tíátà

Òótọ́ ni Ọ̀nà_Jíjìn sọ. Mo fi kún un: bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú tó ń dunni, tàbí èémí bá kúrú lójijì, ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dídì ni à ń bẹ̀rù. Àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló wọ́pọ̀ jù, ti ìyá wa ti kọjá ibẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ń ka èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Bí iṣẹ́ abẹ kejì bá sì wáyé lọ́jọ́ iwájú, ẹni tó bá ń mu sìgá gbọ́dọ̀ ti fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó kéré tán ṣáájú. Sìgá ń fún òpó ẹ̀jẹ̀ pọ̀, egbò kì í jinná.

Adùnní_Àgbà

Ọmọ mi, mo ka gbogbo ohun tí wọ́n sọ nípa ikùn. Ti dígí tí o fi aṣọ bò ni kò kúrò lọ́kàn mi. Mo ti ju ẹni ọgọ́ta ọdún lọ, mo sì gbà pé kí o fi ikùn náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ara tó bí ọmọ mẹ́ta ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Àjíkẹ́_M

Ẹ kú àgbà, màmá. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni ẹ fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ayé ló sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún mi nípa imú mi, ohun tó sì ṣe fún mi ni pé n kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ó dà bí ẹni pé mo jẹ̀bi torí pé mo fẹ́ ẹ, mo tún jẹ̀bi torí pé mo ń sunkún rẹ̀. Ìyá wa, owó ọdún mẹ́rin àti ara yín ni. Ẹ sunkún bó bá ń ṣe yín. Èmi lọ bá onímọ̀ nípa ọkàn fún oṣù mẹ́ta. Ìgbà yẹn ni mo tó dákẹ́ wíwo imú mi nínú gbogbo gíláàsì ọkọ̀ tí mo bá kọjá.

Ojú_Ọ̀sán, mo ti ronú sí ohun tí ẹ sọ. Ẹ jàre níbi ọ̀rọ̀ àsìkò. Lórí pé kéèyàn padà sọ́wọ́ ẹni kan náà, n kò tíì lè gbà.

Adùnní_Àgbà

Àjíkẹ́, mo gbọ́. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀yin méjèèjì.

Ìyá_Ọmọ_Mẹ́ta

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo kọ̀wé síbí, mo ní kí n padà wá sọ fún yín.

Mo lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn. Wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú rẹ̀, omi ni lóòótọ́. Mílílítà 140 ni wọ́n fà lọ́jọ́ kìíní, àwọ̀ rẹ̀ dà bí oyin tí wọ́n la omi sí. Ọ̀sẹ̀ kejì, 45. Àyẹ̀wò kò rí kòkòrò, mo sì ní kí wọ́n wá èyí tí Ọ̀nà_Jíjìn dárúkọ, kò sí. Dókítà tó wò mí níbẹ̀ ní àpò ti ń hun díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kó lẹ̀ pa bí omi bá dáwọ́ dúró. Òun náà ní oṣù kejìlá ni kí n tó sọ̀rọ̀ ìdodo àti ìbàdí.

Mo gba fáìlì mi. Lẹ́tà méjì ni mo kọ kí wọ́n tó fún mi. Èyí tó mú mi jókòó sílẹ̀ nìyí: wọ́n ti ṣèlérí fún mi pé wọn á rán iṣan ikùn tó là sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nígbà oyún mọ́ra wọn. Kò sí i nínú ìwé iṣẹ́ abẹ ọjọ́ náà. Awọ àti ọ̀rá nìkan ni wọ́n kọ. Mo bi wọ́n léèrè lórí fóònù, akọ̀wé ní dókítà á pè mí. Kò tíì pè. N kò ní padà síbẹ̀, Ojú_Ọ̀sán, ẹ má bínú. Ká ní ó jókòó wọ̀n mí bí ti yín ṣe ṣe ni, bóyá ǹ bá rò ó.

Ọjọ́bọ̀ ni mo tún ń lọ kí wọ́n wò ó bóyá omi ti tún sun. Ìtànná, mo ti ra pẹlẹbẹ sílíkónì. Ṣé ẹ máa ń fi wẹ̀ ni, àbí ẹ máa ń ṣí i kí ẹ tó wẹ̀?

Ìtànná

Mo máa ń ṣí i. Ẹ fi ọṣẹ tí kò le fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí awọ yín náà gbẹ dáadáa, kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́ padà. Wákàtí mẹ́rin ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ lójúmọ́, kí ẹ máa fi kún un. Bí ibẹ̀ bá sú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹ ṣí i fún ọjọ́ méjì. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ bí Ọjọ́bọ̀ ṣe lọ.